Lẹ́ǹsì ló yẹ kí owó wa bá lọ

Àwa tí a ń fi owó oúnjẹ ra kámẹ́rà kò lè máa ra ohun tí àwọn ará òkè òkun ń rà. Ní tiwa o, kámẹ́rà Canon tòkunbọ̀ tó ṣeé yọ lẹ́ǹsì, bíi 600D, lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 àti ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kì í mì ti tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ya àwòrán ìràwọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìdérí bo lẹ́ǹsì, kí ẹ ya àwòrán ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí àmì pupa àti funfun bá kún inú rẹ̀, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Àwọn kan ní ẹ̀rọ tó ń tẹ̀lé ìràwọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ rà. Lọ́dọ̀ tiwọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ Polaris ni wọ́n fi ń tò ó, níhìn-ín sì rèé, nǹkan bíi dígírì 7 ààbọ̀ péré ló fi ga sókè ilẹ̀. Láàárín àwọn òkè Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, àpáta kan ṣoṣo tó láti bò ó.

Ẹ fi f/2.8 ya àwòrán, ìṣẹ́jú àáyá 5 lẹ́ẹ̀kan, kí yíyí ayé má baà fa ìràwọ̀ gùn. Ẹ ya 300. Ìmọ́lẹ̀ ìṣẹ́jú 25 nìyẹn. Siril, ọ̀fẹ́ ni, á pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, nébúlà Orion á sì hàn bí ìkùukùu tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́.

Eruku ọyẹ́ ló ń dí wa lọ́wọ́ jù. Ẹ dúró de òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta. Orion á ṣì wà lókè ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní Ìkàrẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, a ò ní bínú.