Aṣọ Olè Kọ́ Ló Dà Bora

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, òwe kan wà lẹ́nu wa tó yẹ ká jáwọ́ nínú rẹ̀: ẹni bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Òwe yìí ni onílé fi ń lé ayálégbé, òun ni ọ̀gá fi ń kọ ọmọṣẹ́, òun náà ni ìdílé ìyàwó fi ń dá ẹrù ìdána padà. Irọ́ ni.

Ẹ mú owó ₦100 jáde lápò. Ẹ wo bàbá tó wà lára rẹ̀, tòun ti fìlà àti awò ojú. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 10 pé ó dìtẹ̀ sí ìjọba. Nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú ìdájọ́ yẹn ni Ṣẹ́gun, àkọ́bí rẹ̀, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàlàbá ni wọ́n gbé Awólọ́wọ̀ lọ, ibẹ̀ ló sì ti kọ̀wé lórí òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà. Gowon, olórí ìjọba ológun, dárí jì í lọ́dún 1966. Nígbà tó fi máa di 1967, ọwọ́ ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé yìí ni àpò owó gbogbo Nàìjíríà wà, lójú ogun.

Mo mọ èsì yín: “Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ti Bàbá, wọn ò jalè.” Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kàn sí àwọn tó jalè.

Láti 1788 títí di 1868, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ẹlẹ́wọ̀n bí 162,000 sọ́kọ̀ ojú omi lọ sí Ọsirélíà. Olè ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Mary Reibey, kò tíì pé ọmọ ọdún 15 nígbà tó múra bí ọkùnrin, tó jí ẹṣin. Ọdún 7 ni wọ́n dá fún un. Ó gúnlẹ̀ sí Sydney lọ́dún 1792. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún 1811, ó ku òun àti ọmọ méje. Ó gbájú mọ́ òwò, ó ní ọkọ̀ ojú omi, ó kọ́lé. Nígbà tí wọ́n dá báńkì àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1817, ilé rẹ̀ ni wọ́n háyà. Ẹni tó jí ẹṣin ni wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ láti tọ́jú owó ìlú! Àwòrán rẹ̀ ló wà lára dọ́là 20 wọn lónìí.

Kì í ṣe pàṣán ló tún un ṣe. Pàṣán pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n pín fún àwọn tó parí ẹ̀wọ̀n wọn, ilẹ̀ onílẹ̀ ni, tí wọ́n fipá gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀; n kò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìyà bá ti tán, Macquarie, gómìnà ibẹ̀ nígbà náà, gbà pé ó tán. Ó fi ẹlẹ́wọ̀n àná jẹ adájọ́, ó pè wọ́n wá jẹun nílé rẹ̀. Inú bí àwọn ọlọ́lá ibẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní bá olè jókòó. Àwa náà kúkú nìyẹn.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n wà ní Ṣàgámù níbí. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ láàárọ̀, ọ̀rá dúdú ló fi di aṣọ méjì dání. Ó ju ìdajì àwọn tó wà látìmọ́lé ní Nàìjíríà lọ tí adájọ́ ò tíì dá lẹ́bi rárá, ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń dúró dè; aṣọ olè kan náà la máa fi bo àwọn náà. Èyí tó sì jalè lóòótọ́, adájọ́ ka ọdún fún un, ó sì ka á pé. Ta ló fún onílé láṣẹ láti fi kún un? Bí kò bá rí yàrá, tí kò ríṣẹ́, ọ̀dọ̀ ta ló máa sùn lálẹ́? Ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ jalè níjọ́sí nìkan ni wọn ò ti ní bi í pé níbo ló ti ń bọ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ bíríkìlà, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì Ṣàgámù, ẹ gba ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó ti ẹ̀wọ̀n dé síṣẹ́ lọ́dún yìí. Ẹ yan onídùúró fún un láàrin ara yín, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un bí ẹ ṣe ń san án fún àwọn yòókù.