Àlejò Tí Ó Ti Ilé Wá: Ẹ Jẹ́ Kí Ó Rí Mínnà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo wa tí a ní ẹbí ní ilé. Ọ̀rọ̀ àlejò ni.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Bídà wá, Kpakungu níbí ni yóò gbà wọ ìlú. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀, inú wa a dùn, a ó pa adìẹ, a ó ro àmàlà. Lẹ́yìn èyí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àlejò ni kì í kọjá ìta ilé tí wọ́n wọ̀ sí. Wọn yóò fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, wọn yóò padà, wọn a sì máa wí fún ará ilé pé kò sí nǹkan ní Mínnà ju oòrùn lọ. Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ta ni ó yẹ kí ó jẹ́ ojú fún un bí kò ṣe àwa?

Èrò tiwa ni pé kí àlejò jẹ nínú ìkòkò ìlú yìí, kí ó rí ilẹ̀ rẹ̀, kí ó sì gba afẹ́fẹ́ alẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó ṣe é pẹ̀lú ìtọ́ni wa, nítorí orúkọ wa ni ó ń gbé kiri.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ. Ní òwúrọ̀, ẹ fún un ní máásà gbígbóná. Ní ọ̀sán, ẹ jẹ́ kí ó jẹ tùwó ṣìnkáfá pẹ̀lú ọbẹ̀ kúká, kí ó sì jẹ ìrẹsì Bídà àti ẹja odò àwọn Tápà. Bí ó bá ń yínmú sí ọbẹ̀ náà, ẹ wí fún un pé dàddawá tí wọ́n fi sè é, irú wa náà ni, èso igi kan náà ni. Fùrá àti nónò dára nínú oòrùn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ mọ̀ pé ó mọ́ tónítóní ni kí ẹ ti rà á. Kílíṣí ni kí ó dì lọ sílé, nítorí kì í tètè bàjẹ́.

Ní ti ìrìn àjò, Bídà ni kí ó kọ́kọ́ lọ. Níbẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ Tápà ti ń lu idẹ, tí àwọn ará Masaga sì ń yọ́ ìgò tí ó ti fọ́, tí wọ́n ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo omi, kí ó lọ sí Gúrárà ní ọ̀nà Súlèjà, níbi tí odò ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Kí ó má ṣe súnmọ́ etí rẹ̀ ní ìgbà òjò. Ní ẹ̀gbẹ́ Súlèjà bákan náà ni òkúta Zùmá wà. Kí ó yọ owó 100 náírà, irú èyí tí ó jáde ní 1999, kí ó wò ó: Awólọ́wọ̀ wà níwájú, Zùmá wà lẹ́yìn. Kí ó tún wo ẹ̀yìn owó 20 náírà, yóò rí Ladi Kwali, ìyá Gbagyi tí ìkòkò mímọ rẹ̀ ní Súlèjà sọ di olókìkí káàkiri ayé. Kí ó dé Zùngérù pẹ̀lú, tí Lugard fi ṣe olú ìlú Òkè Ọya láti 1902 kí ìjọba tó kó lọ sí Kàdúná. Níbẹ̀ ni a bí Azikiwe ní 1904 àti Ojukwu ní 1933. Ọmọ àwọn tí ó wá ṣe àjò ni àwọn méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wa, èdè Haúsá sì ni Azikiwe kọ́kọ́ gbọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ alẹ́. Mínnà kì í ṣe Èkó. Láti ọdún 2000 ni Ìpínlẹ̀ Niger ti gba òfin Ṣàríà, nítorí náà ọtí kì í ṣe ohun tí àlejò yóò máa gbé rìn ní ìta. Ẹni tí ó ń wá ilé ijó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ó dúró sí Èkó. Ṣùgbọ́n alẹ́ wa ní adùn tirẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Iṣáì, ẹlẹ́ran súyà yóò ti da iná, yóò gé àlùbọ́sà, yóò bu yájì sí i. Máí ṣáyì yóò máa da ṣáyì láti inú ife dé inú ife títí yóò fi hó, yóò sì din ẹyin sí búrẹ́dì. Orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ òṣèlú àti iye tí wọ́n ń ta iṣu. Ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀ níbẹ̀ yóò mọ ìlú.

Ìwà tí àlejò gbọ́dọ̀ hù nìyí. Kí ó kọ́kọ́ wí pé “Sànnu” kí ó tó béèrè ohunkóhun. Kí ó má ṣe pe gbogbo ènìyàn ní àbókí; ọ̀rẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tí àwọn ará ilé fi ń pè é kì í ṣe ti ọ̀rẹ́. “Mọ̀lá” kò gbọdọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde rárá. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ó fi gba nǹkan. Kí ó má ṣe wọ agbo ilé láìjẹ́ pé ó sálámà tí wọ́n sì dáhùn, kí ó má sì fi fóònù ya àwọn obìnrin. Bí ó bá rí obìnrin Gbagyi tí ó gbé igi lé èjìká, kí ó má ṣe rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní orí ni ọba ara, kò yẹ kí ó máa ru ẹrù. Àwa tí a ń bọ orí, kí ni ó pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Ní ìparí, kí ó má ṣe rìnrìn àjò lóru. Àwọn agbébọn kó ọmọ ilé ìwé lọ ní Kàgárà àti ní Tegina ní 2021, ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Ọ̀sán ni kí ó lọ, ọ̀sán ni kí ó bọ̀, kí ó sì béèrè ọ̀nà kí ó tó gbéra.

Àwọn kan nínú wa yóò wí pé àwa ni àlejò wá wò, kò wá wo ìlú, àti pé kí ó jókòó sílé ni ó sàn ju kí ó lọ ṣẹ ẹlòmíràn. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a tì mọ́lé yóò jáde lọ́jọ́ kan, àìmọ̀ rẹ̀ ni yóò sì bá jáde. Àlejò kan dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wa ní ọdún tí ó kọjá. Ó dá jáde ní alẹ́, ó pe máí ṣáyì ní mọ̀lá, ó sì da ṣáyì náà sílẹ̀ pé kò dùn. Ó wọ ọkọ̀ ní òwúrọ̀, ó lọ. Ẹni tí ó gbà á lálejò ni ó ń kọjá níwájú bẹ́ǹṣì náà lójoojúmọ́ tí wọn kò dáhùn ìkíni rẹ̀, títí tí ó fi mú àgbà méjì lọ bẹ̀bẹ̀. Ojú àlejò ni a fi ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a fi ń san án.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣáyì nìkan ni. Àwọn ènìyàn wa tí ó ti Gáná bọ̀ ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àṣẹ ìjọba ni. Ṣùgbọ́n ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni ènìyàn yóò fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé lọ́wọ́ bí kò bá ní ọ̀rẹ́ láàárín onílẹ̀? Ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, a kì í rí i lóòjọ́. Orí bẹ́ǹṣì máí ṣáyì àti nídìí àwo tùwó ni a ti ń rí i.

Nítorí náà, a dábàá pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń retí àlejò fi tó Akọ̀wé létí, kí Ẹ̀ka wa sì yan àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó gbọ́ Haúsá àti Gbagyi dáadáa, kí wọ́n máa mú àlejò yí ìlú ká. Kí á fi í lélẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn ni yóò máa wí pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Ẹ jẹ́ kí àlejò wa dé oko náà, kí ó sì kí àwọn olóko kí ó tó padà.

Akọ̀wé,
ní orúkọ Ẹ̀ka Kpakungu.