Ẹ Jẹ́ Ká Fi Ẹsẹ̀ Mọ Ìlú Tí A Ti Ń Kàwé

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lo ọdún mẹ́rin ní Ọyẹ́ láì mọ̀ ju ọ̀nà mẹ́ta lọ: ọ̀nà họ́sítẹ̀lì sí géètì, ọ̀nà géètì sí kíláàsì, àti ọ̀nà gáréèjì tí a ń gbà lọ sílé nígbà ìsinmi. Bí àlejò bá bi wá pé níbo ni ààfin ọba wà, ọlọ́kadà la máa ń pè fún un. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó wà ní Ìkọ̀lé kò sàn jù wá lọ. Ní ti Ìdó, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, tí wọn kò sì gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀, lè parí ìwé rẹ̀ láì dé ìlú náà rárá.

N kò rò pé ìmẹ́lẹ́ ló fà á. Kò sí ohun tó ń pè wá wọ inú ìlú ni. Èrò mi ni pé eré ìdárayá kan wà tó lè ṣe iṣẹ́ yìí, àti pé ẹ̀ka tiwa, ẹ̀ka ìmọ̀ èdè, ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé e wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí. Orienteering ni Òyìnbó ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní eré ìmọ̀nà, nítorí pé ẹni tó mọ̀nà la ń pè ní amọ̀nà. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára ju èyí lọ, kó mú un wá. Iṣẹ́ wa kúkú ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ìgbà tí o bá fẹ́ gbéra gan-an ni wọ́n á tó fún ọ ní máàpù. Òbìrìkìtì kéékèèké wà lórí máàpù náà, nọ́ńbà sì wà lára wọn. Níbi tí òbìrìkìtì kọ̀ọ̀kan bá wà, wọ́n ti gbé àsíá kékeré kan kọ́ síbẹ̀, ìdajì rẹ̀ funfun, ìdajì rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn. O gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí o sì mú ẹ̀rí wá pé o débẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ̀nà tí wàá gbà fún ọ. Ẹsẹ̀ tó yá dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tí kò mọ ibi tó ń lọ, ṣe ló máa yára jìnnà sí ibi tó yẹ kó wà.

Ọwọ́ àwọn ológun Sweden àti Norway ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1919, ológun kan ní Stockholm tó ń jẹ́ Ernst Killander rí i pé eré sísá lórí pápá ti ń sú àwọn ọ̀dọ́, ló bá kó wọn wọ igbó pẹ̀lú máàpù. Àwọn tó sáré lọ́jọ́ náà lé ní 200. Ní 1961, orílẹ̀-èdè mẹ́wàá péjọ ní Copenhagen láti dá àjọ àgbáyé eré náà sílẹ̀. Títí dòní, inú igbó ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n ti ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n irú kan wà tí kò nílò igbó. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní sprint. Ọdún 2001, ní Tampere ní ilẹ̀ Finland, ni wọ́n kọ́kọ́ fi kún ìdíje àgbáyé. Àárín ìlú, ọgbà ìtura tàbí ọgbà yunifásítì ni wọ́n ti ń sá a. Ìṣẹ́jú 12 sí 15 péré ni ẹni tó bá gbapò kìíní máa ń lò. Máàpù rẹ̀ tóbi débi pé sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà 40, nítorí náà ilé, ògiri, àtẹ̀gùn àti ọ̀nà àárín ilé méjì ló hàn lórí rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, láti oṣù Karùn-ún lọ, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ní Yúróòpù a máa sá irú eré yìí ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́. Edinburgh ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé rẹ̀ ní oṣù Keje 2024.

Irú yìí gan-an ni mo ní lọ́kàn fún wa, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀. Igbó wa kì í ṣe igbó Sweden. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2024, àwọn agbébọn pa ọba aládé méjì lójú ọ̀nà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Kò sẹ́ni tó wà ní apá àríwá Èkìtì lásìkò yẹn tó lè gbàgbé bí ìlú ṣe pa rọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ òbí wa kò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ wọn yà kúrò lójú títì mọ́. Ìbẹ̀rù náà tọ́, n kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kó lọ sáré nínú igbó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìbẹ̀rù yẹn ń gbà lọ́wọ́ wa. Àwọn tó mọ ọ̀nà oko, ọ̀nà odò àti ọ̀nà àbùjá láti ìlú kan sí èkejì ń darúgbó. Àwọn ọmọ wọn ń gun ọ̀kadà lójú títì, àwọn ọmọ ọmọ wọn ń wo fóònù. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà kan ṣoṣo, ọjọ́ tí wọ́n bá dí ọ̀nà yẹn, ó di ẹlẹ́wọ̀n. Ohun tí eré ìmọ̀nà ń kọ́ èèyàn nìyẹn: kó lè wo ilẹ̀, kó rí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kó sì yan ọ̀kan kí ó tó gbéra. Ọ̀sán gangan, láàárín ilé, lójú àwọn ará àdúgbò, a lè kọ́ ọ láìsí ewu.

Mo ti sọ pé ẹ̀ka ìmọ̀ èdè ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni kan lè bi mí pé kí ló kan èdè nínú eré sísá. Ó kàn án gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ wo máàpù náà fúnra rẹ̀. Ìwé kékeré kan máa ń bá a rìn tó ń sọ ibi tí àsíá kọ̀ọ̀kan wà gẹ́lẹ́: ìgun ilé, ìdí igi, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Wọn kì í kọ ọ́ ní èdè kankan. Àmì ni wọ́n ń yà, àmì kan náà sì ni ọmọ Finland, ọmọ Japan àti ọmọ Kẹ́ńyà ń kà. Àwa tí baba ńlá wa ń fi owó ẹyọ, ìyẹ́ àti okùn pa àrokò ránṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ wo èyí bí ohun àjèjì. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ti òpin ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wá a.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí a ṣe ń júwe ọ̀nà. Nínú kíláàsì, a kà nípa èdè Guugu Yimithirr ní Queensland, ní Australia, èdè tí Òyìnbó ti mú ọ̀rọ̀ náà kangaroo ní 1770. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í lo ọ̀tún àti òsì bíi tiwa. Àríwá, gúúsù, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n fi ń sọ ibi tí nǹkan wà, kódà bí èèrà bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Gbogbo wa la ya ẹnu. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti fetí sí bí màmá kan ní Ọyẹ́ ṣe ń júwe ọ̀nà? Ní ọdún kẹta mi, mo bi màmá kan tó ń ta ẹ̀kọ nípa ilé olóyè kan. Ó ní: “Gòkè lọ, ọmọ mi. Tó o bá dé ìdí máńgòrò tí wọ́n gé, yà sí ìsàlẹ̀.” Igi kò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ṣì ń fi í júwe ọ̀nà. Bí ilẹ̀ ṣe ga àti bí ó ṣe rẹlẹ̀ ni màmá yẹn ń lò, nítorí pé ilẹ̀ olókè ni Èkìtì.

Orúkọ ìlú wa pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Ní apá Ìkọ̀lé, Òkè Ayédùn wà, Odò Ayédùn sì wà. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ti mọ ohun kan nípa bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí kó tó débẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń ya máàpù ń fi ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ ṣe, àwọn tó tẹ ìlú náà dó ti fi orúkọ ṣe é. Wọ́n tún kọ́ wa pé nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì kò tẹ̀ lé òfin yẹn. Ulé ni ọ̀pọ̀ ń pe ilé. Ẹ wo Ùsì nítòsí Ìdó, ẹ wo Ùsìn ní apá Ìkọ̀lé. Gírámà Èkìtì ló wà lójú títì yẹn, lórí pátákó ìjọba, tí a ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lórí pátákó àti lórí máàpù inú fóònù, kò sí àmì ohùn. “Odo” lè jẹ́ odò tí a ń pọn omi níbẹ̀, ó lè jẹ́ odó tí a fi ń gún iyán, ó sì lè jẹ́ òdo tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbà nínú ìdánwò. Orúkọ ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ wa wà ńkọ́? Ọyẹ́ ni ìlú, òye la wá kọ́, oyè la fẹ́ gbà lọ. Bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí lórí pátákó. Ọmọ Yorùbá á fi ẹ̀rín sí i. Àlejò tó wá láti ibòmíràn kò ní mọ èwo ni ká pè. Ní ti àwọn àdúgbò inú ìlú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sí lórí máàpù fóònù rárá. Orúkọ họ́sítẹ̀lì ló kún ibẹ̀. Bí ogún ọdún bá tún kọjá báyìí, orúkọ họ́sítẹ̀lì ni àdúgbò yóò máa jẹ́.

Èyí ni mo fi ń bẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa pé kí wọ́n ya òwúrọ̀ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka fún eré ìmọ̀nà. Kó tó di ọjọ́ náà, kí àwa fúnra wa ya máàpù. OpenStreetMap wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè fi orúkọ sí i, àyè sì wà nínú rẹ̀ fún orúkọ ní èdè Yorùbá lọ́tọ̀. Kí ọmọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan gba àdúgbò kan, kó lọ kí olóyè ibẹ̀ àti àwọn ìyá àgbà, kó gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà, kó sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Iṣẹ́ tí a ń ṣe fún máàkì ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún ìlú lẹ́ẹ̀kan.

Ẹlòmíràn á sọ pé owó dà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò lókè òkun wọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kò nílò rẹ̀. Bébà tí a tẹ máàpù sí, aṣọ funfun àti aṣọ aláwọ̀ ọsàn, okùn àti bírò ti tó. Ní ìdí àsíá kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan síbẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Kí olùsáré dà á kọ sórí bébà rẹ̀. Ẹni tó bá rí ọkọ̀ tó kọ ọkọ́ kò tíì débẹ̀, kó padà lọ wò ó. Mo mọ àwọn kan tí ẹsẹ̀ wọn yá gan-an tí eré yìí máa mú, bẹ́ẹ̀ ni mo sì mọ àwọn ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́ tó máa gba ẹ̀bùn.

Ẹlòmíràn á ní bọ́ọ̀lù ti tó wa. Bọ́ọ̀lù dára, ṣùgbọ́n ọkùnrin méjìlélógún ló máa ń wà lórí pápá, tí àwa tó kù ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́. Eré ìmọ̀nà gba ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé àti àgbà lọ́jọ́ kan náà. Ní Sweden, ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún kan wà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn tí wọ́n ń pè ní O-Ringen, ó ti wà láti 1965, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń kópa nínú rẹ̀, bàbá àgbà a sì máa sá tirẹ̀ níbi tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ti ń sá tirẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, a lè ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún yín. Ẹ lè rìn, kò pọn dandan kẹ́ ẹ sáré.

Àwọn kan á sì rán mi létí pé abéèrè kì í ṣìnà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ bi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ibi tí à ń wá, àwa náà sì gbọ́dọ̀ lè pe orúkọ náà kó yé e. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló ń dín kù lọ́dọọdún.

Àwọn òfin díẹ̀ pọn dandan. Kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, lọ́wọ́ àwọn olórí àdúgbò àti lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá. Kí eré má kọjá títì ńlá. Kí a má wọ àgbàlá ẹnikẹ́ni láì tọrọ àyè. Nínú òfin sprint náà, ẹni tó bá kọjá ibi tí máàpù kà léèwọ̀ ti pàdánù. Kí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀, kó parí kí oòrùn tó mú.

Bí Ọyẹ́ bá ṣe é ní ọdún yìí, kí Ìkọ̀lé ṣe é ní ọdún tó ń bọ̀, ká sì bẹ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìlera ní Ìdó pé kí wọ́n gba ti ọdún kẹta. Èmi á ti jáde nígbà yẹn, àmọ́ ìpín àwọn àgbà á ti wà. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, ẹ dá wa lóhùn kí ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa ya máàpù, kó pàdé wa níwájú ọ́fíìsì ẹ̀ka lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ lẹ́yìn kíláàsì, kó mú ìwé, bírò àti bàtà tó ṣeé rìn wá.