Ta Ni Ó Kà Wá ní Kubwa?

Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tún ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn tí ń wá ipò sì ti ń yọjú sí ìpàdé wa. Ohùn méjì ni à ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Èkíní ni èyí tí wọ́n ń sọ lójú wa: "Ẹ̀yin Yorùbá lẹ pọ̀ jù ní Kubwa, ẹni tí ẹ bá ti tẹ̀ lé ló máa wọlé." Èkejì ni èyí tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn wa: "Àlejò ni wọ́n, ìlú wọn ni wọ́n ti ń dìbò." Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí láti fi hàn pé irọ́ ni ohùn méjèèjì, ṣùgbọ́n pé àwa fúnra wa ni a ń fi ìwà wa sọ èkejì di òtítọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti iye. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 229,274 ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Bwari, tí Kubwa wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú ìkànìyàn náà, wọn kò béèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; wọn kò béèrè rẹ̀ ní ọdún 1991 pẹ̀lú. Láti ọdún 2006, a kò tún ka ènìyàn mọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Níbo, nígbà náà, ni ẹni tí ó ní àwa ni a pọ̀ jù ti rí iye wa? Ẹnu dídùn lásán ni. Bí ó bá kúrò lọ́dọ̀ wa, yóò lọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn Ígbò, fún àwọn Tiv àti fún àwọn Igala. Gbogbo wa kò lè pọ̀ ju ara wa lọ.

Ohun tí ojú gbogbo wa rí ní Kubwa yàtọ̀. Abúlé Gbagyi ni ibí yìí kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe òfin olú-ìlú tuntun ní ọdún 1976. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Àbújá, wọ́n kó àwọn Gbagyi kan kúrò ní Maitama wá síbí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí owó ilé àárín ìlú ga jù fún dé, pẹ̀lú oníṣòwò, télọ̀, mẹkáníìkì, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́. Láti ìdájí ni ọ̀nà márosẹ̀ ti ń kún fún ọkọ̀ tí ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí àárín ìlú, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí wọ́n tó padà. Ẹ wo ilé kan tí ayálégbé mẹ́jọ ń gbé: Yorùbá wà níbẹ̀, Ígbò wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, Idoma wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo wọn ń gbà, gọ́tà kan náà sì ni ó ń rùn sí wọn nímú. Irú ènìyàn tí ó ń gbé Kubwa nìyẹn: ẹni tí ó ń sanwó ilé, tí ó ń jí lọ sí ibi iṣẹ́, tí ó ní ọmọ ní iléèwé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìbò wa, ẹni yìí ni kí ó bá sọ̀rọ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ àlejò. Ìwé Òfin ọdún 1999, ní abala 42, kò gba ìjọba láàyè láti fi ibi tí ọmọ Nàìjíríà ti wá yà á sọ́tọ̀. Abala 15 sì ní kí ìjọba rí i pé ẹ̀tọ́ ibùgbé pé fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní ibikíbi tí wọ́n bá wà. Òfin ìdìbò gbà kí ẹni tí ó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ kan forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò ní dandan ni kí ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe torí èyí sọ lójú Gbagyi pé Àbújá kò ní onílẹ̀. Abala 297 ti fi gbogbo ilẹ̀ olú-ìlú sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí a gba ilẹ̀ baba rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí a ń yọ ṣùtì sí.

Èmi náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi tí mo ń kà yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi ń gbé Kubwa, ìlú mi ni mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò. Ní ọdún kan, gọ́tà àdúgbò wa dí, òjò sì kó ẹrẹ̀ wọ ilé. Mo kọ lẹ́tà, mẹ́sàn-án nínú wa sì gbé e lọ. Ẹni tí ó gbà á kà á tán, ó gbójú sókè, ó ní: "Lọ́yà, ẹni mélòó nínú yín ló dìbò níbí?" Ẹni méjì péré ni ó nawọ́ sókè. Ọwọ́ tèmi kò sí níbẹ̀. Ìbéèrè náà kò bá òfin mu, nítorí ẹni tí kò dìbò náà ní ẹ̀tọ́ sí gọ́tà tí ń ṣàn. Síbẹ̀, n kò rí èsì fún un.

Àwọn àgbà wa kan yóò ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Òtítọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó ní kí a má relé. Kí a kọ́lé síbẹ̀, kí a sin òkú wa síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń gbé ibì kan fún ogún ọdún, tí ó bí ọmọ mẹ́ta síbẹ̀, àjò wo ni ó tún wà? Ìbò kan ṣoṣo ni olúkúlùkù ní. Káńsílọ̀ tí a dìbò fún ní ìlú wa kò lè kó ìdọ̀tí Kubwa.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín sí. Èkíní, ẹni tí ó ti forúkọ sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, kí ó kọ̀wé sí àjọ INEC pé kí wọ́n gbé orúkọ òun wá síbí. Kí ó má tún orúkọ mìíràn kọ, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Òfin fi gbèdéke sí i. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìdìbò. Bí gbèdéke bá ti kọjá fún ti ọ̀tẹ̀ yìí, kí ó ṣe é fún èyí tí ń bọ̀. Èkejì, bí olùdíje bá dé ìpàdé wa, ẹ má bi í ní ìlú tí ó ti wá. Iṣẹ́ tí òfin gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ni kí ẹ bi í: ọjà, ibùdókọ̀, gọ́tà, ìdọ̀tí, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn kékeré. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí olórí ẹgbẹ́ kankan má ṣe tà wá ní òdìdì fún àpò ìrẹsì. Ìbò mi kò sí ní àpò rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ìkànìyàn kò kà wá ní Yorùbá, olóṣèlú sì ń kà wá bí ó ṣe wù ú. Ìwé kan ṣoṣo ni ó kù tí a lè kọ ara wa sí, ìwé olùdìbò ni. Ọjọ́ tí orúkọ wa bá wà níbẹ̀ ni a tó di ará Kubwa lójú ẹni tí ń ṣèjọba lé wa lórí.