Kí A Wo Èso Kí A Tó Gé Igi

Láyé àtijọ́, ọmọbìnrin tí ó bá ń súnmọ́ ìbàlágà kì í wá olùkọ́ lọ jìnnà. Ìyá àgbà wà nílé, àwọn ìyàwó ilé sì wà nínú agboolé. Àwọn ni wọn yóò pè é sí kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé Kubwa, Nyanya tàbí Lugbe ní Àbújá, agboolé tiwa dà? Bàbá ti lọ sí ibi iṣẹ́, ìyá ti gba ọjà lọ, ọ̀dọ̀ aládùúgbò tí a kò mọ orírun rẹ̀ ni ọmọ yóò sì dé sí láti ilé ìwé.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ ní ilé ìwé ṣe kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2001 ni Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí ìlànà rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì òkè ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a sọ ọ́ ní ẹ̀kọ́ ìgbé ayé ìdílé àti HIV. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Màlámù Adamu Adamu, pàṣẹ kí a yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ilé ìwé ìpìlẹ̀, ó ní iṣẹ́ òbí àti ti àwọn ẹlẹ́sìn ni.

Òtítọ́ ni pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àmọ́ ìwádìí tí Àjọ Ìkànìyàn àti UNICEF ṣe ní 2014 fi hàn pé, nínú ọmọbìnrin 4, ọ̀kan ti fara gba ìwà ipá ìbálòpọ̀ kí ó tó pé ọdún 18. Nínú ọmọkùnrin 10, ọ̀kan ni. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá lè dáàbò bo ọmọ, ìbá ti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó sì ń bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ yìí yóò ti ọmọ sínú ìṣekúṣe, kí wọn mọ̀ pé ìlànà tí UNESCO tún ṣe ní 2018, lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí wò, sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a wọn ẹ̀kọ́ náà bí ó ti yẹ. Iye ìwé tí a pín tàbí iye olùkọ́ tí ó lọ sí ìpàdé kọ́ ni òṣùwọ̀n. Kí a bi ọmọ ọdún 10 ní ìbéèrè kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì tún bi í lẹ́yìn rẹ̀: Ǹjẹ́ ó lè dárúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ láìtijú? Ǹjẹ́ ó mọ ìfọwọ́kàn tí kò yẹ? Ta ni yóò sọ fún bí àgbàlagbà bá ní kí ó fi í ṣe àṣírí? Kí a wo àwọn ọmọ tí a kò kọ́ pẹ̀lú, kí a lè mọ ìyàtọ̀. Kí a sì wádìí bóyá olùkọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní tòótọ́, tàbí ìtìjú mú kí ó ṣí ojú ewé náà fò.

Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè; ilé kò lè dá a ṣe, ilé ìwé náà kò lè dá a ṣe.