Ẹ Bi Ìyá Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Fún Un

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kéré lójú ẹni tí kò kàn, ṣùgbọ́n ẹrù ńlá ni lórí àwọn tí ń rù ú.

Àwọn ọmọ kan wà láàrin wa tí ẹ̀pà lásán lè pa. Ti àwọn mìíràn, ẹyin ni, tàbí wàrà, tàbí edé. Alẹ́jì ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ṣe àkẹ́bàjẹ́, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Ẹ̀ṣọ́ tí ó wà nínú ara láti lé àrùn ni ó ṣi oúnjẹ mú fún ọ̀tá, tí ó sì gbógun tì í. Ara ọmọ náà yóò sú, yóò máa yún un, ètè rẹ̀ yóò wú, ó lè máa bì, èémí rẹ̀ sì lè há.

Ẹ wá wo ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Mushin tàbí Surulere. Ẹ̀pà wà nínú gààrí tí àwọn ọmọdé ń mu, ó wà nínú kúlíkúlì, ó wà nínú ata súyà. Edé àti ẹyin wà nínú mọ́ínmọ́ín. Mo mọ obìnrin aláṣọ kan ní Tejúoṣó tí ó ń ti ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan kí ó lè gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ rẹ̀ nílé ìwé. Àwọn oníbàárà a sì yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Bí ó bá ní kí ọmọ rẹ̀ má jẹun níbi ìnáwó, wọn a ní ó ń gbéraga, tàbí pé ó ń fura sí àwọn. Èyí dùn ún ju owó lọ.

Àwa Yorùbá ni a ń sọ pé ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n igba ọwọ́ tí ń fún ọmọ lóúnjẹ láìbéèrè ni ó ń ba ìyá yìí lẹ́rù.

Ní ọdún 2016, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan ní ìlú London, Natasha Ednan-Laperouse, ra búrẹ́dì ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ti po yànmọ̀tí mọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀, kò sì sí lára ìwé tí ó wà lára rẹ̀. Ọjọ́ náà ni ọmọ náà kú. Àwọn òbí rẹ̀ kò sinmi títí òfin fi dé: láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2021, oúnjẹ tí ilé ìtajà bá dì sílẹ̀ fún títà gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ìkòkò ẹ̀bá òpópó wa kò ní ìwé lára. Ẹnu wa ni ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin olóúnjẹ, bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ fi sè é, ẹ sọ òtítọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ orúkọ ọmọ náà àti oúnjẹ tí ara rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa pààrọ̀ oúnjẹ. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní díẹ̀ wò “kí ara rẹ̀ lè mọ́ ọn.”

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Kò wúlò, ó sì lè fún un lọ́nà ọ̀fun. Piriton nìkan kò tó bí èémí bá ń há. Abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì ní itan ni ó lè gbà á là. Kí òbí ti mọ ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù tí ó ní abẹ́rẹ́ náà. Kò sí ẹni tí ó mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò ti rí lọ́nà LUTH ní Ìdí-Àràbà. Bí ara rẹ̀ bá sì ti rọlẹ̀, ẹ má kánjú wálé, nítorí ó lè padà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Bí ẹ bá rí ọmọ aládùúgbò lónìí, tí àkàrà sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ bi ìyá rẹ̀ ná. Kò ní bínú. Yóò súre fún yín ni.

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.