Ká Tó Yáwó Ra Iná Fọ́tò

Àwọn kan nínú wa ń béèrè ẹ̀yáwó láti fi ra iná ńlá tí wọn óò máa fi ya fọ́tò ọjà wọn. A ò bá wọn jà. Oníbàárà òde òní, lórí fóònù ló ti ń kọ́kọ́ rí ọjà kó tó béèrè iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ má tíì yá ẹnikẹ́ni lówó iná, àfi ìgbà tí olúwarẹ̀ bá lè ya ẹyin kan ṣoṣo lẹ́bàá fèrèsé kí ó sì jọ ẹyin.

Ẹ wo dòdò Ìkirè wa. Àgbagbà tó pọ́n rọ̀, ata, iyọ̀, epo pupa: ó dúdú, ó sì ń dán. Tí ẹ bá tan iná fóònù sí i lójú gangan, kí lẹ óò rí? Èédú. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ya tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà kan l'Ékòó. Èsì tó gbà ni pé, "Mọ́mì, ṣé ó jóná ni?" Kò jóná rárá! Ìmọ́lẹ̀ ni kò bá a mu.

Ohun tó bá dúdú tó sì ń dán, bíi dígí ló rí; ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló máa ń fi hàn. Ẹ gbé àwo dòdò sẹ́bàá fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bí oòrùn bá ń ta sí i tààrà, ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ta fèrèsé náà. Ní òdìkejì, ẹ gbé páálí tí ẹ lẹ bébà funfun mọ́ dúró, kí ẹ máa sún un mọ́ ọn, kí ẹ sún un sẹ́yìn, kí ẹ máa wo òjìji. Ẹ ó rí i pé ara dòdò yóò yọ jáde. Ẹ pa gílóòbù inú ilé, torí pípọ́n iná rẹ̀ kì í bá ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ rẹ́.

Lálẹ́, ẹyin àti tọ́ọ̀ṣì ti tó. Tan tọ́ọ̀ṣì láti iwájú, ẹyin á tẹ́ bíi bébà; gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, á yípo. Tí ẹ bá gbé tọ́ọ̀ṣì jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ló máa kù sára ẹyin. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da aṣọ bo àtùpà tàbí gílóòbù tó gbóná. Iná ilé kì í ṣe iná fọ́tò.)

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọgbọ́n àìlówó nìkan lèyí. Seydou Keïta, tó ti ṣe káfíńtà rí, ṣí ilé fọ́tò ní Bamako, ní Mali, lọ́dún 1948. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ nínú àgbàlá ló fẹ́ràn jù, aṣọ ìtẹ́bùsùn rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá lágbàáyé lónìí.

A gbà pé ẹni tó ń ya òde alẹ́ kò lè gbé fèrèsé dání lọ sí ojú agbo. Tirẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta dòdò, aṣọ tàbí ìkòkò, kí ó mú fọ́tò méjì wá sípàdé tó ń bọ̀: ọ̀kan tó yà láìlo páálí funfun, ọ̀kan tó yà pẹ̀lú rẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ wo méjèèjì kí wọ́n tó fún un ní fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó.